Bí ẹ ṣe lè ṣe mono'i nílé, àti bí àwọn ará Polynesia ṣe ń lò ó gan-an

Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Salt Lake City, ní Utah níbí, àwọn ará Tonga, ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀ erékùṣù Polynesia tó wà nínú òkun Pàsífíìkì, sì pọ̀ nílùú yìí gan-an. Ọ̀kan nínú wọn la jọ máa ń wà lẹ́nu iṣẹ́, ìyá àgbà ni, gbogbo èèyàn ló ń pè é lórúkọ àmọ́ èmi ò lè la ẹnu mi pe ẹni tó tó ìyá mi lórúkọ, Màmá ni mò ń pè é. Ìgbà òtútù kan báyìí, sanitáísà tá a ń fi pa ọwọ́ ṣáá ti jẹ́ kí ẹ̀yìn ọwọ́ mi máa là, ẹ̀jẹ̀ ti fẹ́ máa yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka, ni Màmá bá mú bọ́tù kékeré kan jáde nínú báàgì ẹ̀, ó da díẹ̀ sí mi lọ́wọ́, ó ní kí n rọra fi ra ọwọ́ méjèèjì. Àdín àgbọn ni. Mo mọ òórùn àdín, ìyẹn ni wọ́n fi pa mí lára dàgbà. Àmọ́ nǹkan míì wà nínú tiẹ̀, òdòdó kan, kì í bú jáde lẹ́ẹ̀kan náà bíi lọ́fínńdà inú ṣọ́ọ̀bù, díẹ̀díẹ̀ ló ń yọ bí ara mi ṣe ń móoru, nígbà tílẹ̀ fi máa mọ́ mo ṣì ń gbọ́ ọ létí ọwọ́ aṣọ mi.

Lolo ni Màmá pè é, ọ̀rọ̀ Tonga nìyẹn. Ní Tahiti mono'i ni, àwọn Faransé máa ń kọ ọ́ ní monoï, ní Hawaii mano'i ni. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń bi Màmá ní ìbéèrè, tí mò ń kà nípa ẹ̀, tí mò ń ṣe é fúnra mi, ọdún kẹta rèé, mo sì ti ba jáà tó pọ̀ jẹ́ kí n tó mọ̀ ọ́n ṣe. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ ni mo fẹ́ kọ síbí. Èyí tí ẹ ò gbọ́dọ̀ gbàgbé nínú gbogbo ẹ̀ ni pé omi ni ọ̀tá òróró yìí. Omi tó wà lára òdòdó, omi tó kù nínú jáà, omi ọwọ́ yín. Ibi tí mono'i ti ń bà jẹ́ nìyẹn, kì í ṣe ibòmíì.

Kí ló wà nínú ẹ̀

Nǹkan méjì péré: òróró àgbọn àti òdòdó. Òdòdó tó jẹ́ olórí fún wọn ní Tahiti ni tiare, orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é ni Gardenia taitensis, funfun báláú, ewé òdòdó ẹ̀ máa ń tó mẹ́fà sí mẹ́jọ, ó sì máa ń là bí ìràwọ̀. Òun kan náà ni wọ́n máa ń fi sẹ́yìn etí, tó bá wà létí ọ̀tún ẹni náà ò tíì ní olólùfẹ́, tó bá wà létí òsì, ó ti ní ẹni tó ni ín, ẹ má lọ máa yọ ọ́ lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣeré lọ́dọ̀ wọn o. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 1992, ìjọba Faransé (torí abẹ́ Faransé ni Tahiti wà) ṣe òfin pé kò sí ẹni tó lè kọ "Monoï de Tahiti" sára bọ́tù àfi tó bá ṣe é bó ṣe yẹ: àgbọn tó hù lórí ilẹ̀ iyùn òkun ní erékùṣù wọn níbẹ̀, ìrudi tiare tí kò tíì là, ó kéré tán òdòdó 10 nínú lítà òróró kan, kó sì wà nínú ẹ̀ fún ọjọ́ 10 ó kéré tán. Ẹ fi nọ́ńbà méjèèjì yẹn sọ́kàn, òdòdó 10, ọjọ́ 10, torí ó máa wúlò fún yín nísàlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: òróró

Bí àwọn àgbà wọn ṣe ń ṣe é nìyí. Àgbọn tó ti gbó dáadáa ni wọ́n máa ń lò, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń mu omi ẹ̀. Wọ́n á jókòó lórí àpótí kékeré kan tó ní irin eléyín lẹ́nu, wọ́n á máa fi inú àgbọn ra eyín yẹn, kó máa já bọ́ sínú igbá lábẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé àgbọn rírin náà sínú oòrùn fún ọjọ́ bíi mélòó kan, wọ́n á máa yí i, òróró á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ fúnra ẹ̀, wọ́n á wá fi okùn ara èèpo igi fún un jáde. Ní Tahiti wọ́n tún máa ń gún akàn kékeré kan mọ́ ọn, akàn tó máa ń wọ inú ìkarahun ìgbín òkun gbé yẹn, ikùn ẹ̀ tó rọ̀ ni wọ́n ń lò, ó máa ń jẹ́ kí òróró tètè ya ara ẹ̀ kúrò lára àgbọn. Èmi ò lo akàn rí, mi ò sì rò pé ó pọn dandan fún ẹni tó ń ṣe é nínú kíṣìnì, àmọ́ ó wú mi lórí pé ẹnì kan jókòó, ó sì wòye ẹ̀.

Tiwa ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wa, bá a ṣe ń ṣe àdín àgbọn ni pé ká rin àgbọn, ká fún wàrà ẹ̀, ká gbé e kaná ká sì máa rò ó títí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ á fi pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Àdín yẹn dáa fún irun, ó dáa fún ara, àmọ́ kò dáa fún mono'i, torí òórùn sísun ẹ̀ máa bo òdòdó mọ́lẹ̀ pátápátá. Mo gbìyànjú ẹ̀, ohun tó jáde dà bí ìgbà téèyàn gbé òdòdó sínú ìkòkò àkàrà.

Ohun tí ẹ máa ṣe ni pé kí ẹ rin àgbọn márùn-ún tó gbó, ẹ da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lé e, ìwọ̀nba tó máa bò ó, ẹ fi ọwọ́ pò ó dáadáa, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fún un títí kò fi ní sí nǹkan kan lára ẹ̀ mọ́. Ẹ gbé wàrà yẹn sínú abọ́ tó jìn, ẹ bò ó, ẹ gbé e síbi tó móoru fún odindi ọjọ́ kan. Ó máa yà sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, omi nísàlẹ̀, ohun funfun tó nípọn lókè, òróró tó mọ́ gaara á sì wà láàárín wọn tàbí lókè pátápátá. Ẹ fi ṣíbí bu òróró yẹn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ wá gbé e sórí iná tó kéré jù lọ, kó má hó o, kó kàn móoru, ẹ tẹ́tí sí i: tó bá ń ta pàrà-pàrà, omi ṣì wà nínú ẹ̀ nìyẹn. Tó bá dákẹ́, ó ti gbẹ. Ẹ gbé e kúrò kíákíá kí àwọ̀ ẹ̀ tó yí padà.

Tí ẹ ò bá ní àyè gbogbo wàhálà yìí, ẹ ra òróró àgbọn tí kò ní òórùn rárá, èyí tí wọ́n ti sẹ́ òórùn ẹ̀ kúrò. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, èyí tí wọ́n ti sẹ́ mọ́ náà làwọn iléeṣẹ́ Tahiti ń lò.

Ìgbésẹ̀ kejì: òdòdó

Kùtùkùtù ni kí ẹ já a. Ìrudi ni kí ẹ já, èyí tó ti funfun, tó ti wú, àmọ́ tí kò tíì la ẹnu. Òdòdó tó ti là ti ń fi òórùn ẹ̀ tọrẹ fún afẹ́fẹ́, tí ẹ bá fi máa gbé e délé ìdajì ti lọ, ó sì máa ń tètè pọ́n. Ìrudi ní tiẹ̀ á wá là nínú òróró, gbogbo ohun tó ní á jáde síbẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ Tahiti kì í jẹ́ kó ju wákàtí 24 lọ láàárín ìgbà tí wọ́n já a àti ìgbà tó wọ inú òróró.

Ẹ yọ apá aláwọ̀ ewé tó wà nídìí ẹ̀ kúrò, ó máa ń mú kí òróró rùn bíi koríko. Ẹ má fọ òdòdó náà. Mo mọ̀ pé ọwọ́ á máa yún wa láti fọ̀ ọ́, bí ìyá tiwa ṣe kọ́ wa nìyẹn, gbogbo nǹkan ni fífọ̀, àmọ́ èyí kò gba fífọ̀. Tí eruku bá wà lára ẹ̀ ẹ fẹ́ ẹ kúrò, tí kòkòrò bá wà nínú ẹ̀ ẹ gbọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ́ ẹ sórí aṣọ mímọ́ níbi tí oòrùn ò dé, fún bíi wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ, kó rọ díẹ̀. Àwọn ará Tahiti kì í ṣe èyí, tútù ni wọ́n ń jù ú sínú òróró, àmọ́ wọ́n mọ ọwọ́ ara wọn, àwa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni, omi tó bá dín kù lára ẹ̀ máa gbà wá lọ́wọ́ wàhálà.

Tiare ṣòroó rí níta Pàsífíìkì. Èmi máa ń lo gardenia tí wọ́n ń tà nínú ìkòkò ní àwọn ṣọ́ọ̀bù òdòdó níbí, mọ̀lẹ́bí ẹ̀ ni. Jàsìmínì náà dáa gan-an, wọ́n ń ṣe mono'i tiẹ̀ ní Tahiti, pitate ni wọ́n ń pè é. Ylang-ylang náà wà, mohokoi ni ní Tonga, moso'oi ni ní Samoa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, frangipani wà nínú ọgbà ilé tó pọ̀ ní Èkó àti Ìbàdàn, igi tó máa ń sun oje funfun yẹn. Ó ṣeé lò, àmọ́ oje yẹn máa ń yún ara, ẹ jẹ́ kí òdòdó sun oje ẹ̀ tán kí ẹ tó lò ó, kí ẹ sì ge ìdí ẹ̀ dànù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi òdòdó tí ẹ ò mọ̀ dánwò. Òdòdó yẹ́lò tó dà bí agogo tí wọ́n máa ń gbìn yí ọgbà ká yẹn, májèlé ni, oje ẹ̀, èso ẹ̀, gbogbo ara ẹ̀. Oleander náà bẹ́ẹ̀. Kò sí nǹkan tó ń gbé wọn wọ inú òróró ìpara.

Ìgbésẹ̀ kẹta: rírẹ ẹ́

Jáà gíláàsì ni, kì í ṣe ike. Ẹ fọ̀ ọ́ lánàá, ẹ dà á dé sínú oòrùn, kó gbẹ títí dé ẹnu ẹ̀ àti inú ọmọrí ẹ̀. Ẹ kó òdòdó sí i, ẹ da òróró lé e, gbogbo òdòdó gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ òróró. Èyí tó bá léfòó tí orí ẹ̀ hàn síta, ibẹ̀ ló ti máa hu. Mo máa ń fi òkúta kékeré tí mo ti sè tí mo sì ti sá gbẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Òdòdó 10 sí lítà kan ni tòfin, àmọ́ ìyẹn ni èyí tó kéré jù, tẹ́ ẹ bá ní òdòdó, ẹ fi 15 sí 20 sí i. Ọ̀nà tó dáa jù tí mo rí ni kí n pín in sí méjì: mo máa kó ìdajì sí i fún ọjọ́ márùn-ún, máa sẹ́ ẹ, máa kó ìdajì tó kù tó jẹ́ tútù sí i fún ọjọ́ márùn-ún míì. Ìgbà kejì yẹn ni òórùn máa ń wọlé dáadáa.

Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ aṣọ ni kí ẹ fi bo ẹnu jáà, ẹ so ó, kí omi tó bá fẹ́ gòkè rí ọ̀nà jáde. Lẹ́yìn náà kí ẹ dé e. Ẹ máa yí jáà lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, ẹ má mì ín jìgìjìgì. Ẹ ò gbọ́dọ̀ gbé e kaná. Òróró àgbọn máa ń dì tí ibi tó wà bá ti tutù ju nǹkan bíi 24 dígírì lọ, tó bá sì dì, òdòdó kàn dúró sínú ẹ̀ bí ẹran inú fíríìsà ni, kò sí òórùn tó máa jáde. Ní Tahiti ìyẹn ò kàn wọ́n, ní Èkó náà kò kàn yín púpọ̀, àmọ́ níbí lóṣù kejìlá, inú abọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni mo máa ń gbé tèmi sí láàárọ̀ àti lálẹ́, tàbí orí fíríìjì lẹ́yìn níbi tó máa ń gbóná.

Ẹ jẹ́ n sọ tèmi tó bà jẹ́ àkọ́kọ́. Mo fọ òdòdó, mo rò pé mo ti nù ún dáadáa, mo dé jáà pinpin lọ́jọ́ kìíní. Ọjọ́ kẹrin, òróró ti rú bí omi ìrẹsì. Ọjọ́ keje nǹkan funfun bí òwú ti ń hù lórí ẹ̀, nígbà tí mo ṣí i, òórùn tó jáde dà bíi fùfú tó ti pẹ́ jù. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Màmá, ó gbóòórùn ẹ̀, ó mì orí, ó ní kí n lọ dà á sí ìdí igi. Lítà kan gbáko. Ó dùn mí dọ́kàn. Nígbà tí ọ̀gbẹ́ni Joseph Banks tó bá ọkọ̀ Captain Cook dé Tahiti ní 1769 kọ ìwé nípa òróró tí àwọn èèyàn ibẹ̀ fi ń pa irun, tó ní wọ́n fi òdòdó àti igi olóòórùn sínú ẹ̀, ó ráhùn pé òróró náà sábà máa ń kan. Mo kà á, mo ní hà, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí tèmi kò bẹ̀rẹ̀ lónìí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: sísẹ́ ẹ, àti yíyọ omi

Aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kí ẹ fi sẹ́ ẹ. Ẹ jẹ́ kó máa kán fúnra ẹ̀, ẹ má fún òdòdó, torí omi inú ẹ̀ lẹ máa fún wọ inú òróró yín.

Bó ti wù kí ẹ ṣọ́ra tó, omi díẹ̀ á ti wọlé. Ẹ gbé òróró tí ẹ ti sẹ́ sínú fíríìjì di ọjọ́ kejì, kì í ṣe fíríìsà. Òróró á dì gbagidi sókè, omi ò ní dì, ìsàlẹ̀ ló máa wà. Ẹ wá fi igi tín-ín-rín lu ihò kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ jáà dé ìsàlẹ̀, ẹ dojú ẹ̀ kọlẹ̀ díẹ̀, omi díẹ̀ á sun jáde, ó lè má ju ṣíbí kan lọ. Ṣíbí kan yẹn ni ì bá ti bà á jẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe èyí tí mo rí omi yẹn bó ṣe ń kán sínú síǹkì, ó ní àwọ̀ bíi tíì, ni mo wá mọ ohun tó ti ń pa gbogbo jáà mi láti ọjọ́ yìí wá.

Ẹ nu ìsàlẹ̀ òróró náà gbẹ, ẹ yọ́ ọ nínú omi gbígbóná, ẹ dà á sínú bọ́tù tó dúdú, ẹ gbé e síbi tí oòrùn ò dé. Mo rí i tí wọ́n máa ń fi òdòdó kan sílẹ̀ nínú bọ́tù kó lè lẹ́wà. Òdòdó gbígbẹ làwọn iléeṣẹ́ ń fi síbẹ̀. Ẹ̀yin, ẹ má ṣe é.

Bí wọ́n ṣe ń lò ó

Ibí gan-an ló mú mi fẹ́ kọ gbogbo èyí, torí àwọn tó ń ta mono'i káàkiri sọ ọ́ di nǹkan etí òkun, nǹkan ìgbafẹ́, bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ni ín, látìgbà tí wọ́n bá ti bí ọmọ títí dìgbà tí wọ́n bá tẹ́ òkú ni òróró yìí fi ń tẹ̀lé èèyàn.

Ọmọ tuntun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fi pa. Ní Samoa wọ́n máa ń po òróró mọ́ ata ilẹ̀ pupa tí wọ́n lọ̀, lega ni wọ́n ń pè é, wọ́n á fi ra ara. Tí ẹ bá fẹ́ lò ó fún ọmọ yín, òróró lásán tí òdòdó ẹ̀ kò pọ̀ ni kí ẹ lò, ẹ kọ́kọ́ tọ́ ọ sí i lápá, ẹ dúró di ọjọ́ kejì, ẹ sì bi nọ́ọ̀sì yín tí ara ọmọ bá ń sú.

Irun: ẹ bu díẹ̀, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì yọ́ ọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ látẹnu irun wá sókè, ẹ wé gèlè tàbí sáfù sùn, ẹ fọ̀ ọ́ láàárọ̀. Fún irun tiwa tó le, ẹ lè fi sílẹ̀ láìfọ̀, lórí irun tó ṣì tutù díẹ̀, kó dí omi mọ́nú.

Ara: lẹ́yìn ìwẹ̀, kí omi tó gbẹ tán lára. Àwọn apẹja àti àwọn tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi máa ń fi pa ara kí wọ́n tó wọ òkun àti lẹ́yìn tí wọ́n bá jáde, nítorí iyọ̀ àti afẹ́fẹ́. Àmọ́ kò dí oòrùn o. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ẹ lè fi mono'i jókòó sínú oòrùn, ńṣe lẹ máa jóná, àwa aláwọ̀ dúdú náà ń jóná. Ojú náà, tí ojú yín bá máa ń ní irorẹ́, ẹ jìnnà sí i, òróró àgbọn máa ń dí ihò ara.

Fífọwọ́ra: ní Tahiti taurumi ni, ní Hawaii lomilomi, ní Samoa fofō ni wọ́n ń pè é. Òróró ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é. Ẹ gbé bọ́tù sínú omi gbígbóná kó lọ́wọ́ọ́wọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, òróró tútù máa ń jẹ́ kí iṣan ká.

Ijó ńkọ́. Màmá pè mí síbi ìgbéyàwó kan nínú ẹbí wọn. Ọmọbìnrin tó máa jó tau'olunga dúró nínú yàrá, ẹ̀gbọ́n ìyá ẹ̀ ń fi òróró pa á láti ọrùn dé ẹsẹ̀, kò yọ ọ́ sílẹ̀ títí apá ẹ̀ fi ń dán tí iná fi ń fò lára ẹ̀. Nígbà tó jáde tó bẹ̀rẹ̀ ijó, ọwọ́ ẹ̀ ń rọra ṣàn bí omi, orí ẹ̀ ń tẹ̀ díẹ̀, ni àwọn èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń lẹ owó mọ́ ọn lápá, léjìká, owó náà sì ń dúró, torí òróró yẹn ni. Mo pariwo! Mo rò pé ilé ni mo wà. Fakapale ni wọ́n ń pè é. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé owó náà kì í sábà jẹ́ ti ẹni tó ń jó, ohun tí wọ́n torí ẹ̀ pé jọ ló máa ń lọ fún, ṣọ́ọ̀ṣì, ẹbí, ilé ìwé. Mo dìde, mo yọ dọ́là, mo kọ́kọ́ fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú orí bí a ṣe ń ṣe, Màmá rọra fa ọwọ́ mi wálẹ̀ sí apá.

Òkú náà, wọ́n máa ń fi òróró olóòórùn pa á lára kí wọ́n tó tẹ́ ẹ. Màmá sọ èyí fún mi lọ́sẹ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn arúgbó ilé ìtọ́jú wa, tó jẹ́ ará ìlú ẹ̀, jáde láyé. Àwọn ọmọ ẹ̀ wá, wọ́n gbàṣẹ, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí wọ́n jáde, gbogbo kọ́rídọ̀ ń rùn òdòdó.

Àwọn erékùṣù tó kù

Kì í ṣe tiare nìkan o. Ní Marquesas, pani ni wọ́n ń pe òróró tiwọn, wọ́n máa ń fi ìyẹ̀fun igi sandalwood sí i, àti basil, tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí efinrin wa. Tí ẹ bá fẹ́ gbìyànjú ẹ̀, gbígbẹ ni kí ẹ lo ewé àti igi, èyí rọrùn gan-an torí kò sí omi nínú ẹ̀, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ lè bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀.

Ní Tonga wọ́n tún ń lo èso kan, tuitui, kukui ni ní Hawaii, igi ìjọba ni níbẹ̀ láti 1959. Wọ́n máa ń gún un ní Tonga, wọ́n á fi ṣe ọṣẹ àti ìfọrun, tukilamulamu ni wọ́n ń pè é. Láyé àtijọ́ ní Hawaii, òróró ẹ̀ ni wọ́n fi ń tan fìtílà, wọ́n tún máa ń to èso náà sára igi àárín imọ̀ àgbọn kan, kí wọ́n tàn án, èkan tán kí èkejì gbaná. Ẹ má jẹ ẹ́ ní tútù, inú máa run yín burúkú. Ní Hawaii náà, wọ́n máa ń fi òórùn sára aṣọ èèpo igi tí wọ́n ń pè ní kapa, pẹ̀lú ewé maile, èso mokihana àti igi sandalwood.

Àwọn Māori ní New Zealand ló wú mi lórí jù lọ. Ibẹ̀ tutù ju ibi tí àgbọn lè hù dáadáa, nígbà tí àwọn baba ńlá wọn débẹ̀, wọn ò rí àgbọn. Wọn ò torí ẹ̀ fi òróró sílẹ̀. Wọ́n rí igi kan, tītoki, tí kóró èso ẹ̀ dúdú tó sì ń dán, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á fi ooru sè é nínú ilẹ̀, wọ́n á wá kó o sínú àpò híhun gígùn, wọ́n á lọ́ ọ láti òpin méjèèjì kí òróró kán jáde. Wọ́n á wá fi oje taramea sí i, ewéko ẹlẹ́gùn-ún kan ni, kí òórùn ẹ̀ lè dùn.

Tí ẹ bá fẹ́ rà á

Ẹ wo ara bọ́tù. Tó bá jẹ́ ojúlówó, "Monoï de Tahiti" gan-an ló máa wà níbẹ̀. Èyí tó kàn kọ monoï lásán, ẹ ka ohun tí wọ́n fi ṣe é. Tó bá jẹ́ pé òróró míì tó wá láti bẹntiróòlù ló wà níwájú, tí lọ́fínńdà sì wà lẹ́yìn, owó yín kò tọ́ sí i. Ojúlówó gbọ́dọ̀ dì nínú fíríìjì. Tó bá ṣì ń ṣàn bí omi lẹ́yìn odindi ọjọ́ kan níbẹ̀, ẹ̀ ń wo nǹkan míì.

Ẹ má sì da òdòdó tí ẹ sẹ́ kúrò nù. Ẹ rin ín mọ́ ṣúgà díẹ̀, ẹ fi ra ọwọ́ lórí síǹkì, ẹ fi omi ṣàn án. Ọwọ́ mi kò là mọ́ láti ọdún méjì.